Lánìhún àti Ilé Orí Òkè

Ọmọ ìyá kan náà ni Lánìhún àti Ìgè, ṣùgbọ́n ará ìlú Etí-Àbàtà kì í bá wọn lò bákan náà. Ìgè tó jẹ́ àbúrò ni wọ́n fọkàn tán. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò a gbé agbọ̀n obì rẹ̀ wá fún un pé kó bá òun máa pààrọ̀ ewé rẹ̀ kó má baà jẹrà. Bí onítọ̀hún bá sì dé, obì rẹ̀ a pé. Lánìhún kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé obì wá fún un rí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún dé egungun. Bí ẹnìkan bá pàdé rẹ̀ lọ́nà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ìgè, ẹ ǹlẹ́ o," inú rẹ̀ a bàjẹ́ títí di alẹ́, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò sọ òun náà lórúkọ.

Ẹ̀bá àbàtà gan-an ni Lánìhún kọ́lé sí. Bí òjò bá rọ̀, omi a wọ yàrá. Bí kò bá rọ̀, ẹ̀fọn a gba ipò omi. Ìgè ní tirẹ̀ ṣì ń gbé yàrá kan nínú agbo ilé bàbá wọn pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Baba Ṣóyẹ, arúgbó tó ni ilé orí òkè, pinnu láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn. Gbogbo Etí-Àbàtà ló mọ ilé yẹn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ìrókò ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kànga rẹ̀ kì í gbẹ. Baba kò kéde pé òun fẹ́ tà á. Ìgè ló ránṣẹ́ pè, ó ní kó wá rà á, kó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Lánìhún gbọ́, oúnjẹ kọ̀ fún un. Kí àbúrò máa gbé orí òkè, kí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́n omi nínú àbàtà? Ó dé fìlà, ó gun òkè lọ.

"Baba, bí mo bá dákẹ́, ẹ ó dá mi lẹ́bi lọ́la," ó wí. "Àbúrò mi ni Ìgè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Obì olóbì tó ń tọ́jú, ó ń mú níbẹ̀. Èmi ni mò ń bò ó láṣìírí."

"Ìgè yìí?"

"Baba, ṣé mo lè parọ́ mọ́ ọmọ ìyá mi ni?"

Ìbéèrè yẹn ló mú baba. Bí ará ìta ló sọ ọ́, ì bá lé e jáde. Ó ránṣẹ́ sí Ìgè pé òun kò ta ilé fún un mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ìgè mi orí, ó padà sídìí obì rẹ̀.

Lánìhún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù díẹ̀, ló bá tún gun òkè, ó ní òun fẹ́ ra ilé náà. Ó ti rí ẹni tí yóò ra tòun: Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ amọ̀kòkò, tí amọ̀ àbàtà wù ju wúrà lọ. Ṣùgbọ́n a kì í sun ìkòkò nínú òjò. Àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ìkòkò jinná, tó sì tà, ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ yóò tó lówó lọ́wọ́.

"Mo lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn," Baba Ṣóyẹ dá a lóhùn. "Àmọ́ bí ìkòkò bá fọ́ nínú iná ńkọ́? Mú onídùúró wá, ẹni tí mo lè dì mú. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí i, n ó ta ilé mi fún ẹlòmíràn."

Lánìhún ní ìyẹn kò le. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Kíá ló ní kí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ máa kó bọ̀ nílé àbàtà, obìnrin náà kò sì fi falẹ̀: ó ti gbẹ́ àgbàlá káàkiri, ó ti to ìkòkò tútù kún yàrá. Àwẹ̀ró, ìyàwó Lánìhún, di àlejò nínú ilé ara rẹ̀, ó di ẹrù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí orí òkè.

Onídùúró wá di ohun àwátì. Ẹnìkan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹlòmíràn ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi í: "Ìgè ńkọ́?" Àwẹ̀ró náà bi í. "Olówó orí mi, ẹni tí gbogbo ìlú fọkàn tán wà nílé yín, ẹ wá ń tọrọ kiri ìta. Kí ló dé?" Lánìhún dé fìlà, ó tún jáde lọ wá ẹlòmíràn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí oṣù parí, ó lọ bá Ìgè. Ìgè kò ṣàròyé rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá rílé, èmi náà rílé nìyẹn. N ó fi oko obì mi dúró fún yín."

Wọ́n jọ gun òkè. Baba Ṣóyẹ wo àbúrò, ó wo ẹ̀gbọ́n.

"Lánìhún, ṣé Ìgè tí o ní ó ń jí obì olóbì náà lo mú wá pé kó dúró fún ọ?"

Ìgè yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lánìhún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, irọ́ ni mo pa. Ìlara ni. N kò fẹ́ kó gòkè kó fi mí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí olóòótọ́ bíi rẹ̀ nílùú yìí. Ẹ gbà á, n ó fi gbogbo ewúrẹ́ mi kún owó ilé. N ó fi oko ọ̀pẹ mi kún un."

"Nígbà tí o fẹ́ bà á jẹ́, ọ̀fẹ́ lo sọ ọ́," ni Baba wí. "Lónìí tí o nílò rẹ̀, o ń fi ewúrẹ́ àti ọ̀pẹ bẹ̀ mí kí n gbà pé ó dára. Èwo ni kí n mú? Ìgè, má bínú. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ ti wọ̀ mí létí, n kò mọ bí n ó ṣe yọ ọ́."

Àlejò kan ló ra ilé náà. Àwọn tó ń fa omi nídìí kànga lọ́jọ́ náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbé e délé. Lánìhún ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń búra pé àbúrò òun kò mú obì ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, baba," wọ́n á sì rọra lọ gbé agbọ̀n wọn. Ta ló mọ Ìgè ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ?

Ilé àbàtà ti bọ́ sọ́wọ́ amọ̀kòkò, Ìgè ló lọ ru ẹrù Lánìhún kúrò níbẹ̀ wá sí yàrá tirẹ̀. Kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Igun ibi tí agbọ̀n obì olóbì máa ń wà ló ní kí Lánìhún àti Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní sí, nítorí kò sí agbọ̀n kankan níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń kìlọ̀ pé, bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.