Èkúté Tó Dáná Lókè Àjà

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ orí ẹní.
— Ààlọ̀.
Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀, ó yà sílé Bàbá Ẹtu.

Èkúté kún ilé Ẹtu, ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lá. Ìtìjú ò jẹ́ kó pe Ológbò. Kí ni ará àdúgbò yóò wí? Ló bá ṣíwọ́ ọbẹ̀ sísè. Èkúté ń kú, Ẹtu ń rù, ó ń kọrin:

Ebi ń pa èkúté o —
Kínrinjin.

Abo kan tó lóyún ṣẹ́kù, ó ń lá ọbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ẹtu fọ ìkòkò. Èkúté wá ń jẹ èérún tó há sí Ẹtu léyín bó bá sùn. Ẹtu run pákò. Lẹ́ẹ̀kẹta, òórùn ọbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà: èkúté ti ń dáná fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì kún ibẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́bẹ̀ sísè?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ebi tẹ́ ẹ fi pa wá ni."

Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ abẹ́ àpò ìtọ̀ àwọn bàbá, tí òyìnbó ń pè ní ti prostate, ṣe ń kọ́gbọ́n mọ́ oògùn tó ń febi pa á, ẹ̀yin ọmọ. Kí àwọn bàbá má tijú, kí wọ́n yáa tètè pe Ológbò tiwọn, ìyẹn dókítà.

Àwọn èkúté dárin lókè:

Ebi ń pa Ẹtu o —

Ẹtu tó gbé àwo dúró nísàlẹ̀ ló gbè é:

Kínrinjin.