Ìdí Tí Ìlà Kékeré Fi Ń Dọ̀bálẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ará ilé kan náà, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé funfun sójú dúdú nígbà tó bá ń jí. Bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àwòrán aláràbarà ló máa kọ́kọ́ yọ. Ìlà Kékeré, ẹni tó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí hàn wá, kì í dùbúlẹ̀ nígbà náà. Ṣánṣán ló máa ń dúró bí igi ìṣáná, kì í sì í ṣẹ́jú.

Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà àgbàlagbà kan wà nílé Tíṣà Ọlátóóyè.

Bàbá Àpótí ni olórí ilé. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí Tíṣà bá kọ ń gbé. Màmá Gíláàsì ni ojú wọn. Ó sanra lẹ́yìn bí ààrò búrẹ́dì, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ń dán. Kíbọ́ọ̀dù ni etí wọn. Ohun tí ènìyàn bá fi ìka sọ, òun ló ń gbọ́ ọ, òun ló sì ń pariwo rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ayàwòrán, pẹlẹbẹ kan tó ń gbé nínú Àpótí, ló ń ya gbogbo ohun tí Màmá Gíláàsì ń fi han ayé.

Tíṣà ní àṣà kan. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan bá pé ọdún méje, yóò pè é wá síwájú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà, yóò sì ka oríkì tó ti kọ fún un sí i létí. Oríkì tuntun ni, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí. Ọmọ mẹ́fà ti gba tiwọn. Àníkẹ́ ló kù.

Ṣùgbọ́n nígbà òjò, Tíṣà kú.

Wọ́n fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà náà. Lábẹ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, àrá sán, iná gba inú wáyà wọlé, ó sì jó Ayàwòrán. Alátùn-únṣe kan wá, ó yọ ọ́, ó fi ayàwòrán tuntun sí àyè rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ayàwòrán tuntun yìí. Ó lágbára, ó sì fẹ́ràn àṣehàn.

Kò pẹ́, ọjọ́ tí Àníkẹ́ pé ọdún méje dé. Màmá Wúràọlá, ìyàwó Tíṣà, ṣí aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó nu eruku ojú rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ará ilé!" ni Bàbá Àpótí wí. Ó kùn hùùù. "Ọjọ́ Àníkẹ́ lónìí. Ayàwòrán, ó yá, kí Màmá Gíláàsì, kí o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ayàwòrán tuntun fò dìde. "Ẹ wòran!" Ó da àwòrán ńlá kan lé Màmá Gíláàsì lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè wà nínú rẹ̀, òdòdó wà nínú rẹ̀, àwọ̀ inú rẹ̀ kò lóǹkà.

Màmá Gíláàsì ṣe gììrì. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ gba ojú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ ṣú biribiri.

Níta, Àníkẹ́ fara ti ìyá bàbá rẹ̀. "Ìyá àgbà, kí ló dé tó fi ṣú?"

"Bóyá wáyà rẹ̀ ni kò wọlé dáadáa." Màmá Wúràọlá yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tì í padà. Ó tún tẹ bọ́tìnnì. Ayàwòrán tún da òkè àti òdòdó sílẹ̀. Ojú tún ṣú.

Gbádégẹṣin, bàbá Àníkẹ́, dé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó sì gbá a lẹ́yìn gbà, gbà, bí wọ́n ti ń ṣe fún tẹlifíṣàn.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá Gíláàsì kígbe nínú òkùnkùn. "Ta ló ń gbá mi lẹ́yìn? Ṣé mo ti fìyà jẹ ẹ́ rí ni?"

"Màmá," ni Gbádégẹṣin wí, "a ti lo nǹkan yìí gbó. Onírin àlòkù ń bọ̀ ládùúgbò lọ́sàn-án yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún un, kí àyè lè wà ní pálọ̀."

"Oríkì ọmọ rẹ wà nínú rẹ̀, Gbádé."

"Ṣé ó dá yín lójú pé Bàbá kọ ọ́ tán?"

"Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ tán."

Gbádégẹṣin mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Màmá. Tí kò bá ti jí kí onírin tó dé, mò ń gbé e o."

Bàbá Àpótí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Oríkì Àníkẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí Tíṣà tọ́jú rẹ̀ sí. Bí òun bá bá irin àlòkù lọ, oríkì náà bá a lọ nìyẹn.

Ó pe gbogbo ilé jọ. "Ayàwòrán, kí lo ṣe fún Màmá Gíláàsì?"

"Èmi kọ́ o! Ojú Màmá ló ti fọ́."

"Ojú ta ló fọ́?" Màmá Gíláàsì bú jáde. "Ìwọ tí o dé lánàá yìí? O da gbogbo ayé lé mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń da garawa omi lé ènìyàn lórí. O ò tilẹ̀ dúró kí n mí!"

"Ẹ gbà kí n bi í," ni Bàbá Àpótí wí. "Ayàwòrán, ṣé o bi Màmá bí ojú wọn ṣe fẹ̀ tó? Ṣé o bi wọ́n iye àwọ̀ tí wọ́n lè gbé?"

Ayàwòrán wolẹ̀. "Bàbá, bí mo bá bèèrè ìyẹn, ọjọ́ orí wọn ni mo bèèrè. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé gíláàsì tó bá kéré lágbára ti pẹ́ láyé. Wọ́n kọ́ mi nílé o, pé kí n má bèèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ àgbà. Ni mo bá fojú díwọ̀n rẹ̀."

"Ìdíwọ̀n burúkú," ni Kíbọ́ọ̀dù sọ lábẹ́lẹ̀.

Bàbá Àpótí yíjú sí Màmá Gíláàsì. "Màmá, kí ló dé tí ẹ̀yin náà kò fi sọ fún un?"

"Ta ló bi mí?" Màmá Gíláàsì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ayàwòrán ti tẹ́lẹ̀ mọ ìwọ̀n mi. Mi ò sọ fún un rí. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Ṣé kí n wá máa polongo ara mi fún ọmọ àná?"

Báyìí ni wọ́n jókòó. Èyí kò gbọdọ̀ bèèrè, èyí kò fẹ́ sọ. Wọ́n ń gbọ́ agogo onírin àlòkù lọ́nà jíjìn, kọ́ńgọ́, kọ́ńgọ́.

Níta, Àníkẹ́ fọwọ́ kan ojú dúdú náà. "Ìyá àgbà, ẹni ọdún mélòó ni kọ̀ǹpútà yìí? Ṣé àwòrán ló ń dùn ún lójú?"

Màmá Wúràọlá wo ojú dúdú náà. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tẹ táípù ní ọ́fíìsì káńsù kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sí àwòrán kankan lójú táípù. Ó wá rántí ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un nígbà kan rí. "Wúrà, bí ojú rẹ̀ bá ṣú, má bá a jà. Bó bá ti ń jí, tẹ kọ́kọ́rọ́ kẹjọ lókè kíbọ́ọ̀dù pátápátá. Má jẹ́ kó yàwòrán. Jẹ́ kó kọ̀wé."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó wá ń tẹ kọ́kọ́rọ́ kẹjọ náà, kì, kì, kì, kò sinmi.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Kíbọ́ọ̀dù pariwo. "Màmá Wúràọlá ní kí Ayàwòrán jókòó! Wọn ò fẹ́ àwòrán! Ìwé ni wọ́n fẹ́!"

"Ìwé lásán?" Ayàwòrán jókòó, ó yọ ẹnu síta. "Ta ni yóò wá lọ síwájú Màmá Gíláàsì?"

Gbogbo ilé wo Ìlà Kékeré.

Ìlà Kékeré kì í ṣe ọmọdé, títínrín ló tínrín. Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Àníkẹ́ ṣì ń dún létí rẹ̀. Bí ọmọ ọdún méje bá lè bèèrè, kí ló ń ṣe òun? Ó rìn lọ síwájú Màmá Gíláàsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò bèèrè láti fi yín ṣẹ̀sín. Báwo ni ojú yín ṣe fẹ̀ tó?"

Bó ti sọ ọ́ tán, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń dúró de ìgbájú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lajú díẹ̀, ó yọjú wo Màmá. Ẹ̀rù tún bà á, ó tún dijú. Ó tún là á. Ó tún dì í.

Màmá Gíláàsì wò ó títí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ tínrín bí òwú yìí! Kí lo ń ṣẹ́jú pákápáká sí?"

"Ìdáhùn ni mò ń dúró dè, Màmá."

Màmá Gíláàsì gbójú sókè. "Àmì tíntìntín tí wọ́n fi ń yàwòrán, ẹgbẹ̀ta lé ogójì rẹ̀ ni ojú mi fẹ̀. Irinwó lé ọgọ́rin ló ga. Àwọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ni mo lè gbé. Ó ti tán. Mo ti dàgbà." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣé ẹ gbọ́, kò tilẹ̀ dùn mí tó bí mo ti rò."

"Ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú ńkọ́, Màmá?"

"Ìyẹn? Mo lè gbé ìyẹn títí ilẹ̀ ayé."

Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun kékeré yọ lójú dúdú. Àníkẹ́ pàtẹ́wọ́. Màmá Wúràọlá wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ orúkọ Àníkẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ó ti máa ń tẹ̀ ẹ́ ní káńsù. Bàbá Àpótí wọ inú ara rẹ̀ lọ, ó sì gbé ohun tí Tíṣà tọ́jú jáde.

Màmá Wúràọlá kà á sókè:

"Àníkẹ́, ọmọ tó rẹ́rìn-ín kó tó hu eyín.
Ó kó bàtà mi méjèèjì pamọ́, ó ní kí n má lọ síbì kankan.
Àníkẹ́ tó ń bi ewúrẹ́ léèrè ohun tó jẹ sùn.
Abéèrè-má-tijú, ọmọ Gbádégẹṣin,
máa bi wá, ọmọ mi.
Bí a kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, máa bi wá."

Agogo onírin àlòkù dé iwájú ilé, kọ́ńgọ́, kọ́ńgọ́. Gbádégẹṣin jáde, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹ máa lọ, ọ̀gá. A ò ní irin kankan."

Nínú Àpótí, Ayàwòrán rọra dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Gíláàsì. "Màmá, bó bá dọ̀la, ẹ jẹ́ kí n ya kékeré, níwọ̀n tí ẹ sọ yẹn."

"Máa bọ̀," ni Màmá Gíláàsì wí. "Díẹ̀díẹ̀ o."

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà àgbàlagbà fi máa ń kọ̀wé funfun sójú dúdú bó bá ń jí, kí ẹnikẹ́ni tó yàwòrán kankan. Wọ́n ń bèèrè ìwọ̀n ojú Màmá Gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni Ìlà Kékeré fi ń dọ̀bálẹ̀ lójú dúdú náà, tó ń dijú, tó ń lajú. Ìgbà tí àwòrán bá dé tán ló tó máa ń dìde dúró ṣánṣán bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ṣíṣẹ́jú yẹn kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Màmá Wúràọlá kò tètè pa kọ̀ǹpútà. Ó jókòó, Àníkẹ́ sùn lọ lórí itan rẹ̀. Níwájú wọn, níbi tí ọ̀rọ̀ Tíṣà parí sí gan-an, Ìlà Kékeré dọ̀bálẹ̀, ó ń dijú, ó ń lajú, ó ń dúró wò bóyá ó ṣì ku ọ̀rọ̀ kan.