Ajẹrin àti Orín Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gba ẹnu wọlé, ó yọ́ gba àárín eyín kọjá, ó wá jókòó sí ìdí èrìgì. Bí mo bá dá orin, ẹ bá mi gbè é.

Ní ayé àtijọ́, ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà sì ń kọ́ ọ ní ẹkún ìyàwó tí yóò sun níwájú gbogbo ẹbí.

Kòkòrò kan ń gbé ní ìdí eyín Àwẹ̀ró. Ajẹrin ni orúkọ rẹ̀. Ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Irin ni ó ń jẹ tí ó fi ń dàgbà. Bí kò bá rí irin, kò lè bímọ.

Ajẹrin tọ Èérún-oúnjẹ lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta mí lọ́rẹ irin." Èérún ní, "Èyí tí mo ní kò tó ọ í lá."

Ó tọ Itọ́ lọ. "Bàbá, ẹ ta mí lọ́rẹ irin." Itọ́ di ọwọ́ rẹ̀ pinpin. "Èmi ni olùṣọ́ ẹnu. Irin tí mo bá dì mú, n kì í jù ú sílẹ̀ fún ọ̀bùn."

Ó tọ Èrìgì lọ, ẹran tí ó di ìdí eyín mú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn Èrìgì, irin sì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ahọ́n kan ẹ̀jẹ̀ rí mọ̀ pé ìtọ́wò rẹ̀ dà bí ti irin ojú ọ̀bẹ. "Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn." Èrìgì ní, "N kò ṣí."

Ajẹrin kó ìdọ̀tí jọ, ó fi mọ ahéré sí ẹsẹ̀ Èrìgì. Ó ń gún un, ó ń kọrin:

Lílé: Èrìgì, ṣílẹ̀kùn o,
Ègbè: Kínrín-kínrín.
Lílé: Ebi irin ń pa mí o,
Ègbè: Kínrín-kínrín.
Lílé: Díẹ̀ kí n lá, díẹ̀ kí n jẹ,
Ègbè: Kínrín-kínrín.

Èrìgì wú. Èrìgì pọ́n. Èrìgì rọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń jò. Ajẹrin ju ìwọ̀ kéékèèké síta, ó ń fa irin bí apẹja ti ń fa ẹja. Ó jẹ, ó bímọ. Àwọn ọmọ jẹ, àwọn náà bímọ.

Ní òwúrọ̀, Àwẹ̀ró rí ẹ̀jẹ̀ lára orín tí ó ń run. "Háà! Orín yìí ti gé mi lẹ́nu." Ó sọ ọ́ nù, kò sì run orín mọ́.

Ajẹrin rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́! Orín ni ó dá lẹ́bi!"

Ìgbéyàwó ku díẹ̀. Àwẹ̀ró la ẹnu láti sun ẹkún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ di imú.

"Àwẹ̀ró, kí ni o jẹ?"

"Àbí nǹkan kú sínú ẹkún yìí ni?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sá wọlé. "Ìyá àgbà, n kò sun ẹkún mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra lọ sílé ọkọ láìsọ̀rọ̀."

"Ta ni yóò lọ láìsọ̀rọ̀? Ọmọ tí mo kọ́? La ẹnu, kí n wò ó. Ṣíọ̀! Orín rẹ dà?"

"Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu mi, Ìyá àgbà."

"Orín kọ́, ọmọ mi. Àwọn tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ọjọ́ tí o ju orín nù ni o se àsè fún wọn. Gba èyí. Rọra run ún, ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀."

Àwẹ̀ró run orín, ẹ̀jẹ̀ yọ, kò fi í sílẹ̀. Ó tún run ún, ẹ̀jẹ̀ dín kù, kò fi í sílẹ̀. Ó tún run ún, ẹ̀jẹ̀ dá. Orín ti wó ahéré Ajẹrin. Èrìgì wá gba orin mọ́ ọn lẹ́nu:

Lílé: Mo ti tilẹ̀kùn mi o,
Ègbè: Kínrín-kínrín.
Lílé: Ajẹrin, gbẹ́rù rẹ o,
Ègbè: Kínrín-kínrín.

"Bàbá Itọ́, ẹ dákun, irin bíńtín!"

"Lọ lá òkúta," ni Itọ́ wí. Ó gbá a lọ tọmọtọmọ.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Àwẹ̀ró la ẹnu gbàgà, ó sun ẹkún títí àwọn àgbà fi ń nu ojú. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó di imú sún mọ́ ọn, wọ́n ń gbe orin. Ìyá àgbà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó sórí, ìdì orín ni ó wà lókè pátápátá.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a má ṣe tìtorí ẹ̀jẹ̀ ju orín nù. Ẹnu tí ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni ó ń wá ìtọ́jú.

Ibí ni ààlọ́ mi ti kúrò lẹ́nu mi, ó di ti etí yín.