Ọkùnrin Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Kíka Ọjọ́ Ọjà

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin tòmátì, ara rẹ̀ kì í gbà á tó bá ti rí ohun tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ló ni oko tòmátì tó tóbi jù níbẹ̀. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà wọn, àwọn alájàpá tó ń ti Ìbàdàn wá kì í sì í lè ka ọjọ́ náà bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n á dé, lọ́jọ́ mìíràn wọn ò ní dé títí tòmátì yóò fi máa ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí wá gbọ́ pé ènìyàn lè kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn bí ọjà bá ku ọ̀la. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí jẹun.

Fídíò ló kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ó ń wò ó, ó ń mi orí, gbogbo rẹ̀ ń yé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó pa fóònù, tó ní kí òun kọ ìlà kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ra ìwé. Ó ń kà á, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ títí obìnrin náà fi gbé àwo tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ló bá gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan lọ ní ìlú. Ohun tí olùkọ́ bá kọ sí ojú pátákó ni òun náà ń kọ, kọ̀ǹpútà a sì dáhùn wẹ́rẹ́. Ó délé, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Àníkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èwo wá ni tiyín nínú gbogbo èyí tí ẹ kọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí kò sí ọ̀kan. Ó pa ìwé dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò ọjà fúnra rẹ̀. Ó fi ọjọ́ ọjà tó kàn sí i, ó ní kó máa ka ọjọ́ márùn-ún láti ibẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún un kọ, ó tún kọ̀. Nígbà tó ṣe, àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi dán an wò wọ inú fóònù ìyàwó rẹ̀: "Ọ̀la ni ọjà." Ọkùnrin náà fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ da omi nù. Ó fi nọ́ńbà àwọn alájàpá sí i, wọ́n gba iṣẹ́ tí ó rán, wọ́n sì rọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Kí oòrùn tó mú, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo.

Nígbà tí ọjà tún pé, obìnrin náà ká tòmátì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti gbọ́kàn lé ètò ọkọ rẹ̀. Oòrùn yọ, oòrùn mú, ẹnì kankan ò yọjú. Ọkọ pe alájàpá kan lórí fóònù.

"Ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ yìí," ni onítọ̀hún dáhùn. "Ẹ ní ọ̀la ni ọjà."

Ojú tì í gidigidi. Ó ṣí kọ̀ǹpútà láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, ó rí márùn-ún tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ní tiwa, ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni ìka àkọ́kọ́. Bí a bá ti kà dé ìka karùn-ún, ọjà dé nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, ọjọ́ kejì rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fi fi ọjọ́ kan pẹ́. Fídíò ò sọ èyí, ìwé ò sọ ọ́, olùkọ́ náà ò sọ ọ́, torí kò sí ẹni tó kọ ètò fún ọjà abúlé rẹ̀ rí. Ó pa márùn-ún rẹ́, ó fi mẹ́rin sí i. Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Tòmátì mi ń bàjẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ìyá Àníkẹ́, jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí mo ti ṣì í, èmi fúnra mi ni mo rí i."

Àwọn méjèèjì jọ gé tòmátì náà, wọ́n sá a sórí ẹní. Owó tí wọ́n rí lórí gbígbẹ náà kò tó ti tútù. Nígbà tí ọjà mìíràn pé, ọkọ̀ àwọn alájàpá ti wà nílẹ̀ kí obìnrin náà tó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, àwọn aláta sì ń bi í bóyá ọkọ rẹ̀ lè bá àwọn náà pe oníbàárà.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, o ti pẹ́ nídìí wíwò. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, o tiẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ kó dùn létí. Inú mi dùn sí gbogbo ohun tí o ti kọ́. Wá mú iṣẹ́ kan tó jẹ́ tìrẹ, èyí tí ẹnì kan nínú ilé rẹ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ bí ó bá dára, tí yóò sì dun onítọ̀hún bí o bá ṣì í ṣe. O máa ṣì í ṣe. Tọrọ àforíjì, kí o tún un ṣe. Àṣìṣe tìrẹ wà níwájú, kò sí olùkọ́ tó lè bá ọ ṣe é. Dìde, lọ bá a.