Ológìnní Ilé Àwẹ̀ró

"Ẹni tó bọ́ ológìnní yó, eku ló ń bọ́." Ẹnu wa ti mọ́ òwe yìí, a sì ń fi í sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wa. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Àwẹ̀ró ni ìyálé nílé Ògúndáre, àgbẹ̀ kan láyé àtijọ́. Òun ló ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo gbogbo ilé. Ó so wọ́n tòun ti háhá mọ́ àjà ilé ìdáná rẹ̀, kí èéfín lè máa lé kòkòrò, ó sì ń sin ológìnní kan nítorí eku. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òjò ń ṣú, kò rọ̀, ara Àwẹ̀ró kò sì balẹ̀. Bó bá ń gúnyán, etí rẹ̀ á wà lájà. Bó bá jókòó, á tún dìde. Ó ń gbọ́ tí nǹkan ń rìn láàárín háhá, bẹ́ẹ̀ ológìnní nà gbalaja sídìí ààrò, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Àwẹ̀ró ní ebi ló ń pa ológìnní. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ló bá sọ òkèlè kan di méjì, ó fi ẹja gbígbẹ lé e. Kò mọ̀ pé bí ológìnní bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ilé ìdáná àwọn orogún òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yí ká. Nílé yẹn, ìtìjú ni kí ẹran máa wo ọwọ́ ẹni kí a má jù ú lókèlè, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun nìkan ló ń ṣàánú rẹ̀. Ológìnní sanra títí ikùn rẹ̀ fi ń gbálẹ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn pé ìtọ́jú òun hàn lára rẹ̀. Ẹ ò rí ayọ̀ òpè.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Lọ́jọ́ kejì, Ògúndáre ní kí wọ́n sọ irúgbìn kalẹ̀. Àwẹ̀ró bó àgbàdo kan, ṣùkù ló bá nínú háhá. Eku ti gba ẹ̀yìn wọnú rẹ̀, ó ti jẹ hóró tán. Ó bó òmíràn, ṣùkù ni. Ó bó ogún, bákan náà ni. Ilẹ̀ ti mu omi, kò sí hóró tí wọn yóò gbìn. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó sáré tọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ.

"Ìyá, ológìnní yìí ti pa mí. Kò sí ohun tí mi ò fún un jẹ."

Ìyá wo ológìnní tó ń wọ́ ikùn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Àwẹ̀ró, bí ìwọ náà bá yó báyìí, kí lo fẹ́ wá lọ sórí àjà? Eku lo ti ń bọ́ látọjọ́ yìí."

Nígbà tí wọ́n bi àwọn orogún, kálukú jẹ́wọ́ òkèlè tirẹ̀. Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ rìn lọ sábúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tọrọ irúgbìn, ìwọ̀nba tó rí kò sì ju ìdajì oko lọ. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ ológìnní, òkèlè kan lójúmọ́. Kí àgbàdo tó yọrí, ikùn rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ó sì ń fò gun àjà. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí yóò ṣọ́.

Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń kẹ́ ọmọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́, tàbí tó ń rọ́ ẹ̀bùn fún ẹ̀ṣọ́ títí tí kò fi lè dìde mọ́, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn sọ fún un pé ẹni tó bọ́ ológìnní yó, eku ló ń bọ́.