Ìlà Ìparí Lẹ́tà Kùmásí

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà ìparí yẹn kà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á, Ìyá Àṣàbí."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kẹrin ló máa wá bó yín lẹ́nu?"

"Ó ní, 'Mo ń fojú sọ́nà láti rí ọ.' Lúùkù fọ́wọ́ọ̀dù ni Òyìnbó ń pè é."

"Lúùkù fọ́wọ́ọ̀dù." Ìyá Àṣàbí rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń tọ́ oyin wò.

Ọdún kẹfà nìyí tí Oyèkàn, ọkọ rẹ̀, ti lọ ṣòwò ní Kùmásí. Nínú tọkọtaya náà, kò sẹ́ni tó mọ̀wé. Akọ̀wé ẹ̀bá ọjà ló ń bá ọkọ kọ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ìlú wọn ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó. Gbogbo lẹ́tà ló ń parí bákan náà. Bí ìyàwó bá sì ti gbọ́ ìparí yẹn, á fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ yàrá ọkọ rẹ̀, á sá ẹní rẹ̀ sóòrùn, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó lè kọ́kọ́ rí ẹni tó bá yọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti pa ilẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Kó tó dìde lọ́jọ́ náà, Bàbá Ọláòpó tó ń ta ẹ̀kùrọ́ mú lẹ́tà tirẹ̀ wọlé. Tíṣà kà á: ilé-iṣẹ́ tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ ogún àpò sí i, wọ́n sì ń fojú sọ́nà láti rí i.

"Àwọn náà?" ni Ìyá Àṣàbí wí. "Ṣé ìyàwó wọn ni Bàbá ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Tíṣà náà fẹ́ rín, ṣùgbọ́n ó rí i pé obìnrin náà kò rín.

"Bí wọ́n ṣe ń parí lẹ́tà nìyẹn, Ìyá Àṣàbí. Ẹni tó ń retí èèyàn ń kọ ọ́. Ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni náà ń kọ ọ́."

"Èwo ni ọkọ mi nínú méjèèjì?"

Tíṣà yí lẹ́tà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ìwé kò sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé bi í."

"Akọ̀wé náà ló tún máa dá mi lóhùn."

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbẹ́rù rù, ó yà dágbére fún tíṣà. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n jọ ń lọ sí Kùmásí ti ń dúró dè é níta.

"Bí ẹ bá wá débẹ̀, tí kò retí yín mọ́ ńkọ́?"

Èsì tó fọ̀ bó ṣe ń jáde lọ ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sọ dòwe:

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, tíṣà."