Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Ìgè

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ọjà wo ni, ọmọ ta ni, kí ló sì ṣe orí ọmọ náà tó fi wọ́, ọ̀pọ̀ wa ni yóò máa họ orí. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ọjà Ìdí-Àfọ̀n, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Morádékẹ́. Ọlọ́ṣẹ ni, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọṣẹ dúdú sísè, ọṣẹ rẹ̀ sì ń hó dáadáa. Ó bí ọmọkùnrin kan, ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ mú wáyé, ni wọ́n bá pè é ní Ìgè. Nígbà tí Ìgè pé oṣù mẹ́rin, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò ní í pẹ́ yọ. Àsìkò yẹn gan-an ni Morádékẹ́ pọ̀n ọ́n, tó gbé igbá ọṣẹ rù, tó padà sọ́jà. Kò ju ọjà méjì lọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà fi pọ́n, tó sú wínníwínní títí dé ìdí etí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ọmọ á figbe ta.

Ẹ wo ìyọnu ọlọ́ṣẹ! Ta ni yóò ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá tí ara ọmọ tirẹ̀ ń bó? Oníbàárà á na ọwọ́ sí ọṣẹ, á rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìgè, á sì rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Morádékẹ́ náà kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ó ń fi ọṣẹ àti kànrìnkàn ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, bó sì ṣe ń ha á ló ń pọ́n sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Morádékẹ́, mo fún ọ di ọjà méjì sí i. Bí ara ọmọ yìí ò bá tíì yá nígbà náà, ilé lo máa jókòó sí. Èmi kò fi ọmọ-ọmọ mi ṣòwò.” Morádékẹ́ mọ̀ pé bí òun bá fi ọjà sílẹ̀ báyìí, orúkọ ọṣẹ tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ wú.

Èyí tó dunni jù ni pé gbogbo àgbà ọjà ló ń rí ọmọ náà. Ọwọ́ ọ̀tún ni Morádékẹ́ fi ń di igbá mú lórí, ọ̀já rẹ̀ a sì fì, orí Ìgè a wọ́ sí òsì láti àárọ̀ títí ọjà yóò fi tú. Wọ́n rí i, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ lórí ọmọ ọlọ́mọ lónìí, tí ara ọmọ náà kò sì yá lọ́la, ta ni wọ́n máa sọ pé ojú rẹ̀ kò dára? Ìyálọ́jà pàápàá, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti Morádékẹ́, iyọ̀ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Baba Ògúnjìnmí ń fi okùn gán igbá tó ya lábẹ́ igi àfọ̀n. Orí ẹní ló máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ló sì máa ń rí bí wọ́n ti ń kọjá. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ó pe Morádékẹ́.

“Ìyá Ìgè, dúró ná. Orí ọmọ rẹ wọ́.”

Morádékẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì tún orí ọmọ ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì dìde tán tí orí náà tún fi ṣubú sósì. Baba ní kó sọ ọmọ kalẹ̀. Àwọn alátẹ bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wò ó o! Baba onígbá ti di agbẹ̀bí!”

Baba fọwọ́ kan ẹ̀yìn bùbá Morádékẹ́, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń sùn lé. Itọ́ ti rin ín gbingbin. Ó fi ìka náà kan ahọ́n, ó tutọ́ sílẹ̀.

“Eérú! Aṣọ yìí lo máa ń wọ̀ bí o bá ń sẹ́ omi eérú ọṣẹ nílé?”

“Òun ni, bàbá.”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó sú?”

“Rárá o, bàbá. Ó ń dán ni.”

“Ṣé ọṣẹ ọ̀tọ̀ lo fi ń wẹ ìyẹn ni?”

“Ọṣẹ kan náà ni.”

“Ọṣẹ rẹ kò jẹ̀bi nìyẹn, ayé náà kò sì jẹ̀bi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gán igbá. Ibi tí omi bá ń dúró sí lára igbá, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹrà. Lọ fọ aṣọ yìí kí eérú rẹ̀ tán. Gbé kànrìnkàn yẹn jù sí àjà. Bí itọ́ bá ti dà, fi òwú tó tutù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má ha á. Jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi òrí pa á. Tẹ́ aṣọ rírọ̀ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ọ̀já rẹ yìí náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í!”

Morádékẹ́ ṣe é bó ṣe wí. Lọ́jọ́ kejì, igbe ọmọ dínkù. Lọ́jọ́ kẹta, pípọ́n náà ń lọ. Nígbà tí ọjà pé, ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé igbá ọṣẹ rù tẹ̀ lé e, tó ń pariwo lójú ọ̀nà pé ara ọmọ ti yá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Morádékẹ́ dúró láàárín ọjà, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e sókè gàgàrà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń dán! Itọ́ kò sì dáwọ́ dúró o. Ìgè ń rẹ́rìn-ín, ó ń da á sí gbogbo ọwọ́ tó gbé e. Inú Morádékẹ́ dùn dé ibi pé kò mọ ìgbà tí ọṣẹ tán. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí igbá fi ṣófo.

Ìyálọ́jà wá síwájú Baba Ògúnjìnmí, ojú ń tì í.

“Bàbá, mo rí orí ọmọ yẹn ṣáájú yín. Mo dákẹ́ ni.”

Baba ń fa okùn igbá rẹ̀ lọ. “Bí kò bá sí àgbà lọ́jà, tí orí ọmọ wọ́, a ò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Àwa wà lọ́jà.”

Ìyálọ́jà yíjú sí gbogbo èrò, ó gbóhùn sókè: “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ọjà! Láti òní lọ, àgbà kì í wà lọ́jà yìí kí orí ọmọ tuntun wọ́!” Ọjà hó yèè. Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé pẹ̀lú ẹrù wọn.

Ìdí nìyẹn tí òwe yìí fi wà lẹ́nu wa. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lọ níṣojú ẹni tó mọ àtúnṣe rẹ̀, tí onítọ̀hún sì ń wo iyọ̀ àtẹ rẹ̀, òun ni àwọn àgbà máa ń pa á fún. Wọ́n sì máa ń pa á fún ara wọn náà, nígbà tí ẹ̀rù ohun tí ayé máa sọ bá fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.